Iná Ìta Ọkọ̀: Ọ̀nà Tí Agbára Ń Gbà Lọ àti Ọ̀nà Tí Ó Ń Gbà Padà

Iṣẹ́ méjì ni àwọn iná tó wà lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń ṣe, ìlànà tí ó sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Iṣẹ́ kìn-ín-ní ni kí awakọ̀ lè rí ọ̀nà. Iṣẹ́ kejì ni kí àwọn ẹlòmíràn lè rí ọkọ̀ náà, kí wọ́n mọ ibi tó dorí kọ, kí wọ́n sì mọ ohun tí ẹni tó ń wà á fẹ́ ṣe. Iná ńlá iwájú ló wà fún iṣẹ́ kìn-ín-ní, iná kùrukùru àti iná ríbáàsì sì ń ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ìyókù, láti orí iná páàkì dé orí iná bíréèkì, tiráfíkétọ̀ àti iná nọ́ńbà ọkọ̀, ti àwọn ẹlòmíràn ni. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi lè máa rìn fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmọ̀ pé iná bíréèkì òun ti kú, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò sí ohun kan níbi tó jókòó sí tí yóò sọ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò tí iná ọkọ̀ rẹ̀ wà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ó sì wò ó láti òde.

Àwọ̀ iná kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń tẹ̀lé ni pé kí iná funfun máa tàn síwájú, kí iná pupa máa tàn sẹ́yìn, kí tiráfíkétọ̀ sì ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, kí ẹni tó bá pàdé ọkọ̀ nínú òkùnkùn biribiri lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ń ṣe ni ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá bá òun tàbí ó ń lọ níwájú òun. Yàtọ̀ sí iná kékeré tó ń tàn sórí nọ́ńbà, iná ríbáàsì nìkan ni funfun tó tọ́ kí ó wà lẹ́yìn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkọ̀ náà ń padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí wọ́n fi iná búlúù tàbí funfun pààrọ̀ iná ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí ẹwà ń purọ́ fún ẹni tó ń tẹ̀lé e, irọ́ náà sì lè pa ènìyàn. Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà mọ̀: òfin ibẹ̀ gbà kí tiráfíkétọ̀ ẹ̀yìn jẹ́ pupa, kí fọ́nrán kan náà nínú gílóòbù sì máa ṣe iṣẹ́ bíréèkì àti ti tiráfíkétọ̀ pọ̀. Bí awakọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tẹ bíréèkì nígbà tó ń fi àmì hàn pé òun fẹ́ yà, ẹ̀gbẹ́ kan yóò máa ṣẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò sì tàn láìṣẹ́jú. Àìsàn kọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà nítorí rẹ̀.

Ọ̀nà tí iná ń gbà

Iná mànàmáná kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ó bá rí ọ̀nà lọ, tí ó sì rí ọ̀nà padà sí ibi tó ti wá. Gbogbo ohun tó kù nínú orí yìí dúró lórí èyí, nítorí pé ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ àìsàn tí wọ́n ń dá gílóòbù lẹ́bi fún wà, kì í ṣe inú gílóòbù.

Bátìrì ọkọ̀ kékeré jẹ́ ti fọ́ọ̀tì 12, ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá sì jẹ́ 24, nítorí náà gílóòbù ọ̀kan kò ṣeé lò fún èkejì. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn lórí mítà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná tó sì ń cháàjì bátìrì, kò bá ní àléébù, òǹkà náà yóò gòkè sí àárín 13.8 àti 14.4. Láti orí pósítíìfù bátìrì ni iná ti ń gba inú fíúsì kọjá. Fíúsì ni irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó wà nínú ike kékeré, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè yọ́ bí iná tó ń kọjá bá ju èyí tí wáyà lè gbé lọ. Àwọ̀ ike náà ló ń sọ ìwọ̀n rẹ̀, pupa jẹ́ áńpíà 10, búlúù jẹ́ 15, yẹ́lò jẹ́ 20, àwọ̀ ewé sì jẹ́ 30. Ìṣirò rẹ̀ kò le: gílóòbù wáàtì 55 lórí fọ́ọ̀tì 12 ń fa nǹkan bí áńpíà 4.6, méjì ń fa 9.2, ìdí nìyẹn tí fíúsì 15 fi máa ń tó fún iná ìsàlẹ̀ (dímù) méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn fi fíúsì 10 tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó yọ fíúsì tó jó, tó wá fi wáyà lásán tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá dí ojú rẹ̀, kò tún iná ṣe. Ó ti sọ wáyà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ di fíúsì, ibi tí wáyà náà yóò sì ti yọ́ lè jẹ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí ẹ̀gbẹ́ páìpù epo.

Lẹ́yìn fíúsì ni rílè. Súwíìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì kéré jù láti máa gbé iná ńlá kọjá lálaalẹ́ láìjó, nítorí náà iná tí kò tó áńpíà kan ni ó ń rán lọ sínú rílè, níbi tí wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin ti ń di òòfà, tí òòfà náà sì ń fa apá irin kékeré kan tí yóò so ọ̀nà iná ńlá pọ̀. Òǹkà tó wà lẹ́sẹ̀ rílè, tó ti ìlànà ilẹ̀ Jámánì wá, wúlò púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ dán an wò: 85 àti 86 ni ẹsẹ̀ òòfà, 30 ni iná ti ń wọlé láti bátìrì, 87 ni ó ń gbà jáde lọ sí ọ̀dọ̀ gílóòbù. Bí rílè bá ń dún nígbà tí wọ́n tan súwíìṣì ṣùgbọ́n tí iná kò tàn, súwíìṣì kò jẹ̀bi; 30 àti 87 ni kí wọ́n lọ wò.

Ọ̀nà àbọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Wọn kì í fa wáyà láti ìdí gílóòbù padà dé orí bátìrì. Wáyà kúkúrú kan, tó sábà máa ń jẹ́ dúdú, tàbí funfun tó ní ìlà dúdú nínú àwọn ọkọ̀ Toyota, ni wọ́n fi sìkúrù dè mọ́ irin ara ọkọ̀, irin náà sì ń gbé iná padà dé orí nẹ́gétíìfù. Ibi ìdè yìí ni àwọn rìwáyà, ìyẹn àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ń pè ní áàtì. Ètò yìí dín wáyà kù, ó sì dín owó kù, ṣùgbọ́n ó fi gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ lé ọwọ́ sìkúrù kan tí omi òjò àti ẹrẹ̀ ń bá jà lójoojúmọ́, àti atẹ́gùn oníyọ̀ pẹ̀lú, ní àwọn ìlú etíkun bí Èkó àti Kútọnu.

Gílóòbù

Gílóòbù halogen ló ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn lójú pópó Nàìjíríà. Fọ́nrán tungsten, irin tó ṣòro láti yọ́ ju gbogbo irin yòókù lọ, ni iná ń gbà kọjá, tí ó sì ń gbóná débi pé ó ń tàn. Nínú gílóòbù àtijọ́, tungsten a máa kúrò lára fọ́nrán díẹ̀díẹ̀ bí èéfín, a sì máa lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì, tí gíláàsì yóò fi dúdú, tí fọ́nrán yóò sì máa tín-ín-rín sí i títí yóò fi já. Gáàsì halogen, tí í ṣe aiodíìnì tàbí bromíìnì díẹ̀, a máa mú tungsten tó ti sá kúrò náà, a sì máa dá a padà sára fọ́nrán, bí ara gílóòbù bá ti gbóná tó. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún iná iwájú ọkọ̀ ní Yúróòpù. Nítorí ìgbóná tó nílò yìí ni gíláàsì rẹ̀ fi jẹ́ ti quartz, òun náà ló sì fà á tí ọwọ́ kò fi gbọ́dọ̀ kàn án: òróró ara ọwọ́ yóò jó mọ́ ojú kan, ojú náà yóò gbóná ju ìyókù lọ, gíláàsì yóò sì sán. Ìdí gílóòbù ni kí oníṣẹ́ dì mú. Bí ọwọ́ bá ti ṣèèṣì kàn án, kí ó fi spírítì àti aṣọ mímọ́ nù ún kí ó tó tàn án. Gáàsì inú rẹ̀ tún wà lábẹ́ ìfúnpá ńlá, nítorí náà kí wọ́n jẹ́ kí ó tutù kí wọ́n tó yọ ọ́, kí ojú sì jìnnà sí i.

Ohun tí wọ́n kọ sí ìdí gílóòbù ló ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. H4 ní fọ́nrán méjì, wáàtì 60 fún iná òkè àti 55 fún iná ìsàlẹ̀, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. H1, H7 àti H11 ní ẹyọ fọ́nrán kan tí ó jẹ́ wáàtì 55. 9005 àti 9006 ló wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, àkọ́kọ́ fún iná òkè, èkejì fún iná ìsàlẹ̀. Ní ẹ̀yìn, P21/5W, tí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń jẹ́ 1157, ní fọ́nrán wáàtì 21 fún bíréèkì àti wáàtì 5 fún iná ẹ̀yìn. Ìṣó kékeré méjì tó yọ lára ìdí rẹ̀ kò dọ́gba ní gíga, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi í wọlé ní òdìkejì. Ẹni tó bá fi agídí tì í wọlé ni ọkọ̀ rẹ̀ máa ń tan wáàtì 21 ní gbogbo òru, tí yóò sì máa tan wáàtì 5 nígbà tó bá tẹ bíréèkì.

Ìmọ́lẹ̀ halogen kì í dín kù ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fọ́ọ̀tì tó dé ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra gílóòbù mọ̀. Bí fọ́ọ̀tì bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Áàtì tó ti dípẹtà, tí ìdènà rẹ̀ kò ju ìdámẹ́rin óòmù kan lọ, ti tó láti jẹ fọ́ọ̀tì kan àti díẹ̀ mọ́ iná wáàtì 55 lọ́wọ́. Ẹni tó ń wà ọkọ̀ náà yóò sọ pé iná òun kò ríran, yóò ra gílóòbù tuntun, èyí tuntun náà kò sì ní ríran. Òdìkejì rẹ̀ ni pé bí alternator bá ń rán fọ́ọ̀tì 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, iná yóò mọ́lẹ̀ rekete, ṣùgbọ́n gílóòbù yóò máa jó léraléra. Ọkọ̀ tó ń jó gílóòbù lóṣooṣù ní ẹjọ́ láti rò pẹ̀lú alternator rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ẹni tó ta gílóòbù ní ọjà Ládipọ̀.

Àwọn iná méjì mìíràn tún wà. Xenon, tí BMW kọ́kọ́ fi sí ọkọ̀ ní 1991, kò ní fọ́nrán rárá. Iná ló ń fò láti ẹnu irin kan sí èkejì nínú gáàsì, àpótí tó sì ń tàn án máa ń rán ohun tó ju fọ́ọ̀tì 20,000 lọ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú ìdí rẹ̀ nígbà tí súwíìṣì ṣì wà ní títàn. LED ní tirẹ̀ kì í fa iná púpọ̀, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ìgbóná tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ ló ń pa á bí kò bá rí ibi tútù fi sí.

Iná iwájú àti ẹ̀gbẹ́ tí ojú ọ̀nà wà

Iná òkè, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní fúùlù, ń tàn lọ tààrà sí ọ̀nà jíjìn, kò sì sí ohun tó dí i lójú. Iná ìsàlẹ̀, ìyẹn dímù, ni iṣẹ́ ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sójú ọ̀nà láìtan án sójú ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Nínú H4, ife irin kékeré kan wà lábẹ́ fọ́nrán dímù tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ìdajì ìsàlẹ̀ àwo tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà. Ìdajì òkè nìkan ló ń rí i, ìdajì òkè yìí sì ń darí gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọjú sí ògiri, ààlà tó mú ṣánṣán yóò hàn láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ààlà yìí tẹ́jú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gòkè díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní etí títì.

Ẹ̀gbẹ́ tí ààlà náà ti gòkè ṣe pàtàkì púpọ̀ ní Nàìjíríà. Títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń tọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tọ ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ tó bá wá láti Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Amẹ́ríkà ti bá ọ̀nà yìí mu, ṣùgbọ́n èyí tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Japan ń gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè sí ọwọ́ òsì, níbi tí ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ wà gan-an. Àwọn tó ń yí sítíárì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà máa ń náwó gọbọi lórí sítíárì àti dáṣíbọ́ọ̀dù, wọn a sì fi iná iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sí sìkúrù kankan tó lè tún èyí ṣe. Hẹ́dìláàmpù méjèèjì ni wọ́n ní láti fi èyí tí wọ́n ṣe fún títọ ọwọ́ ọ̀tún pààrọ̀, ó sì yẹ kí owó rẹ̀ wà nínú ìṣirò kí wọ́n tó ra ọkọ̀ náà.

Láti inú àlàyé yìí ni ewu tó wà nínú fífi gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú sínú hẹ́dìláàmpù tí wọ́n ṣe fún halogen ti hàn. Wọ́n fi ìwọ̀n mìlímítà ṣírò ibi tí fọ́nrán gbọ́dọ̀ wà nínú àwo. Bí orísun ìmọ́lẹ̀ bá tóbi jù ú lọ tàbí tó kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀, ààlà yóò parẹ́, ìmọ́lẹ̀ yóò sì fọ́n káàkiri. Awakọ̀ yóò rí funfun yòò níwájú rẹ̀, yóò sì rò pé òun ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ti ṣókùnkùn sí i, tí ojú ẹni tó ń bọ̀ sì ti fọ́. Gílóòbù wáàtì 100 náà kò sàn jù: áńpíà tó lé ní 8 ló ń fà, wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún 5 kò sì ní pẹ́ tí yóò fi yọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ike rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí tó ti rún ni ẹ̀rí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí gílóòbù mìíràn tó wọlé.

Iná ẹ̀yìn, bíréèkì àti tiráfíkétọ̀

Súwíìṣì kékeré tó wà lókè ẹsẹ̀ bíréèkì ló ń tan iná bíréèkì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì ni iná ti ń dé ibẹ̀ bí wọn kò bá tilẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Amẹ́ríkà ló sọ iná bíréèkì kẹta, èyí tó wà láàárín, di dandan fún ọkọ̀ kékeré tuntun láti ọdún 1986, ó sì ṣe rìwáyà lóore: bí ìkẹta bá ń tàn tí méjì tó wà ní ìsàlẹ̀ kò tàn, fíúsì àti súwíìṣì ẹsẹ̀ kò jẹ̀bi nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gílóòbù tàbí áàtì ni kí wọ́n wò, bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kú pọ̀, fíúsì àti súwíìṣì ẹsẹ̀ ni. Awakọ̀ tí kò rí ẹni ràn án lọ́wọ́ lè fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ ògiri lálẹ́, kí ó tẹ bíréèkì, kí ó sì wo pupa tó tàn sára ògiri nínú díńgí. Iná tó kú wà lára ohun tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń torí rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró, ẹni tó bá sì mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní iná ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń rọ́ lù lóru kò ní bínú sí wọn.

Tiráfíkétọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 àti 120 ní ìṣẹ́jú kan. Àpótí kékeré tó ń gé iná náà, tí àwọn rìwáyà ń pè ní fílásà, a máa mọ iye iná tí gílóòbù ń fà. Bí ọ̀kan bá jó, yóò máa ṣẹ́jú kíákíá kọjá bó ti yẹ, kí awakọ̀ lè fura. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fi LED rọ́pò gílóòbù, nítorí pé iná tí LED ń fà kò tó nǹkan, fílásà sì rò pé gílóòbù ti kú. Fílásà tó bá LED mu ni ìwòsàn rẹ̀. Àṣà títan iná kóṣọ̀n nígbà tí òjò bá ń rọ̀, tó gbilẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kò tọ̀nà rárá, nítorí pé nígbà tí tiráfíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣẹ́jú pọ̀, kò sí bí ẹni tó wà lẹ́yìn yóò ṣe mọ̀ pé ọkọ̀ náà fẹ́ yà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní mọ èyí tó dúró àti èyí tó ń rìn. Dímù àti iná ẹ̀yìn ni kí wọ́n tàn.

Wíwá àìsàn iná

Ohun èlò tó pọn dandan kò ju méjì lọ: tẹ́sítà, ìyẹn gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì, àti mítà. Bí iná kan kò bá tàn, kí wọ́n yọ gílóòbù, kí wọ́n tan súwíìṣì, kí wọ́n sì fi tẹ́sítà sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà kan lórí ibi tí iná ti ń wọlé, èkejì lórí irin mímọ́ tàbí orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Bí tẹ́sítà bá tàn, iná ti dé, ọ̀nà lílọ dára. Kí wọ́n wá gbé wáyà kejì kúrò lórí irin, kí wọ́n gbé e sórí ẹnu áàtì sọ́kẹ́ẹ̀tì náà gan-an. Bí tẹ́sítà bá kú tàbí tó ń tàn bàìbàì, ọ̀nà àbọ̀ ló ti bàjẹ́. Àwọn Toyota àtijọ́ kan wà tí súwíìṣì iná iwájú wọn wà ní ọ̀nà àbọ̀, tí iná sì máa ń wà ní ẹnu gílóòbù nígbà gbogbo, nítorí náà kí oníṣẹ́ wo àwòrán wáyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó dá ẹjọ́.

Fún iná tó ń tàn ṣùgbọ́n tí kò mọ́lẹ̀ tó, tẹ́sítà kò lè sọ òótọ́, mítà ló lè sọ ọ́. Kí iná wà ní títàn, kí gílóòbù sì wà lójú rẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ mítà kan sí ẹnu áàtì gílóòbù, èkejì sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Òǹkà tó bá ju 0.2 lọ fi hàn pé áàtì ń jẹ iná. Kí wọ́n tún wọ̀n láti orí pósítíìfù bátìrì dé ẹnu tí iná ti ń wọ gílóòbù. Ohun tó bá ju 0.5 lọ níbẹ̀ wá láti inú súwíìṣì, rílè, fíúsì tó ti dípẹtà tàbí wáyà tó tín-ín-rín jù. Ìwọ̀n yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ owó gílóòbù, ti rílè àti ti súwíìṣì tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Áàtì tó bàjẹ́ ní àmì tirẹ̀ tí ojú lásán lè rí. Bí iná ẹ̀yìn bá ń ṣẹ́jú pẹ̀lú tiráfíkétọ̀, tàbí tí títẹ bíréèkì bá ń mú kí iná mìíràn rẹ̀ wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, iná tí kò rí ọ̀nà àbọ̀ tirẹ̀ ló ń gba inú fọ́nrán mìíràn padà. Kí wọ́n wá sìkúrù áàtì ẹ̀gbẹ́ náà rí, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi sáńpépà ha ojú irin àti òrùka wáyà títí wọn yóò fi dán, kí wọ́n dè é padà le dáadáa, kí wọ́n sì fi gíríìsì tàbí Vaseline bò ó kí omi má baà tún wọ ibẹ̀. Wáyà tí wọ́n bá so pọ̀ níbikíbi gbọ́dọ̀ gba lẹ́ẹ̀dì, kí ike tó ń fún mọ́ra bí iná bá kàn án sì bò ó. Wáyà tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ tí wọ́n sì fi téèpù wé yóò dípẹtà láàárín òjò kan sí èkejì.

Ojú hẹ́dìláàmpù tó ti pọ́n

Ike polycarbonate ni ojú hẹ́dìláàmpù òde òní, oòrùn sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ fi ohun kan bò ó tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn ba ike náà jẹ́. Nígbà tí ohun yìí bá ti ṣí, ojú rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì ṣú. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń fi pa á ń mú un dán fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, nítorí pé kò dá ohun tó ti ṣí padà. Ìtọ́jú tó pẹ́ ni kí wọ́n fi téèpù bo ara ọkọ̀ tó yí i ká, kí wọ́n fi omi àti sáńpépà nọ́ńbà 1000 ha a títí ìpọ́n náà yóò fi lọ tán, kí wọ́n tẹ̀lé e pẹ̀lú 2000 àti 3000, kí wọ́n pọn ọ́n, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ̀dà àìláwọ̀ tó ń dí ìtànṣán oòrùn bò ó. Bí wọ́n bá fo ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí, yóò pọ́n padà kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìrì díẹ̀ nínú hẹ́dìláàmpù lówùúrọ̀ kì í ṣe àìsàn, yóò gbẹ bí iná bá tàn. Omi tó dúró gbári ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àìsàn, rọ́bà ẹ̀yìn tí wọ́n gbàgbé láti dá padà lẹ́yìn ìpààrọ̀ gílóòbù sì ló sábà máa ń fà á.

Títọ́ ojú iná

Gílóòbù tó dára, nínú hẹ́dìláàmpù tó mọ́, pẹ̀lú wáyà tó pé, ṣì lè má wúlò bí ojú rẹ̀ kò bá tọ́. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kí ó kọjú sí ògiri, kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí ẹnì kan jókòó sí ipò awakọ̀, kí búùtù sì ṣófo. Kí wọ́n kọ́kọ́ sún ọkọ̀ mọ́ ògiri títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí àárín iná kọ̀ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú, kí wọ́n sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́jú gba inú àmì méjèèjì kọjá. Kí wọ́n wá fa ọkọ̀ sẹ́yìn ní mítà 10, kí wọ́n tan dímù. Ààlà ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìsàlẹ̀ ìlà náà; bí àyè kò bá gbà ju mítà 5 lọ, kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, wọ́n ti tẹ ìwọ̀n tó yẹ, bíi 1.0% tàbí 1.2%, sí ẹ̀gbẹ́ hẹ́dìláàmpù, òun ni kí wọ́n sì tẹ̀lé.

Sìkúrù méjì ló sábà máa ń wà lẹ́yìn hẹ́dìláàmpù, ọ̀kan ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sódò, èkejì ń darí rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì; nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ti òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló wà. Kí wọ́n fi páálí dí iná kan níwájú láìjẹ́ kí ó kàn án, kí wọ́n tọ́ èkejì, kí wọ́n sì yí sìkúrù díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ààlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àmì ṣọ́ọ̀kì iná náà gan-an tàbí kí ó yà díẹ̀ sí ọ̀tún rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ yà sí òsì. Bí ọkọ̀ bá ní bọ́tìnnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ kalẹ̀, tó ní òǹkà láti 0 dé 3, orí 0 ni kí ó wà nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí awakọ̀ sì máa yí i sókè bí búùtù bá ti ń kún, nítorí pé ẹrù ẹ̀yìn ń gbé imú ọkọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè. Ọkọ̀ tí kò ní bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ẹrù ni wọ́n fi ń kó lójoojúmọ́, bí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ti Ìlọrin gbé ẹrù wá sí Ìbàdàn, kí wọ́n tọ́ ojú iná rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀, ní ìwọ̀n tí ó sábà máa ń gbé.